Àmì Ebinimi Lábẹ́ Ìrù Bàálù Bàbá Ọládòṣù

Mo fi ojú mi méjèèjì búra, èyí tó ríran dáadáa àti èyí tí dókítà ní kí n máa ṣọ́: gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, òótọ́ ni láti orí dé ìdí. N kò fi iyọ̀ sí i, n kò sì bu omi là á. Bí ẹ bá dé ibì kan tó dà bíi pé ó ti pọ̀ jù, ẹ mọ̀ pé mo ti dín in kù níbẹ̀ ni, kí ẹ má baà pè mí ní onírọ́.

Èmi tí mò ń kọ ọ́, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ara mi níwèé. Kéréènì tó ń gbé ẹrù ọkọ̀ òkun ni mò ń wà ní Kirikiri Lighter Terminal títí orí mi fi funfun, ara ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ni mo sì ti mọ̀wé kà, débi pé lọ́yà méjì ti wá bi mí ní ìbéèrè òfin rí, tí wọ́n sì dúpẹ́. Kò sí ẹ̀rọ kan láti Wharf dé Boundary tí n kò mọ ẹni tó tún un ṣe. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá máa sọ ìtàn Ebinimi, èmi ni.

Tọ́nà obìnrin ni Ebinimi. Ẹ̀rọ léètì ló fi ń jẹun, ẹ̀rọ tó máa ń yí irin bírí bírí tí ọ̀bẹ líle á sì máa bó o bí ẹni ń bó ọsàn, títí yóò fi di ṣáfútì tàbí búùṣì. Láti Bayelsa ni bàbá rẹ̀ ti wá wa ọkọ̀ ojú omi ní Kirikiri, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí òun sí. Yorùbá rẹ̀ dán ju ti àwọn ọmọ tèmi lọ. Bí inú bá bí i nìkan ni Pidgin máa ń jáde. Ó ga, apá rẹ̀ nípọn, kì í sì í rẹ́rìn-ín nítorí kí oníbàárà lè padà wá. Mo ti rí i tó fi etí lásán mọ̀ pé bẹ́árìn trélà kan fẹ́ jẹ, nígbà tí trélà náà ṣì wà ní Tin Can.

Nílé iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ kò tíì parí títí ọ̀gá yóò fi lu àmì rẹ̀ sí i. Pọ́ǹṣì ni wọ́n fi ń lù ú, irin ṣóńṣó kan tí wọ́n gbẹ́ àmì sí lẹ́nu. Wọ́n á gbé e lé iṣẹ́, wọ́n á fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀kan péré. Akpos tó kọ́ Ebinimi níṣẹ́, òrùka róbótó lásán ni àmì tirẹ̀. Nígbà tó fún Ebinimi ní fírídọ̀ọ̀mù, ó kó òrùka yẹn lé e lọ́wọ́, Ebinimi sì fi E sí àárín rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ọmọ iṣẹ́ tó bá gba òmìnira kì í ju àmì ọ̀gá rẹ̀ nù, inú rẹ̀ ni yóò ti wá ibi tó máa fi tirẹ̀ sí. Akpos ti kú, kò bímọ, kò kọ́lé. Òrùka yẹn nìkan ló kù láyé tó fi hàn pé ó wá rí, ó sì ń yí lábẹ́ trélà káàkiri Creek Road.

Ẹni tó wá fẹ́ pa á rẹ́ ni Sylvanus. Sylvanus ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ ní Creek Road, ẹnu rẹ̀ dùn, bàtà rẹ̀ máa ń dán. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kó iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ebinimi, tó bá délé á fi gíráíńdà lọ àmì rẹ̀ dànù, á kọ orúkọ ìlú òyìnbó sí i, á kùn ún, á dì í sínú ọ̀rá. Ebinimi kò mọ̀. Kéréènì tèmi gan-an ló tú àṣírí náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ṣáfútì kan lára rẹ̀, máníjà wa gbé e sókè, ó ní, "Ẹ wo iṣẹ́ òyìnbó. Láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, kò jẹ rárá." Ebinimi wà níbẹ̀, ó wá wọn nǹkan mìíràn. Ó gba ṣáfútì náà, ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó sì rí ìdajì òrùka tí gíráíńdà kò ráyè jẹ tán.

"Èmi ni mo ṣe é," ló wí.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín.

Láti ibẹ̀ ló ti gba ṣọ́ọ̀bù Sylvanus lọ, èmi sì tẹ̀ lé e, torí ibi tí irú nǹkan báyìí bá ti ń ṣẹlẹ̀ ni ẹ ó ti máa rí mi.

"Sylvanus, na who make this one?"

"Germany ni," Sylvanus dáhùn. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màdáámù, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà. Bí mo bá kọ Ajégúnlẹ̀ sí i, wọ́n á ní kí n máa gbé e lọ. Mo kọ Germany, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Ṣé irin náà yí padà ni?"

"Irin kò yí padà. Èmi àti Akpos lo pa rẹ́."

Níbẹ̀ ló ti sọ pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá tún pa àmì òun rẹ́ lójú òun, òun á ti ṣọ́ọ̀bù, òun á lọ máa yan ẹja. Gbogbo Creek Road gbọ́ ọ. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lórí òkun náà á ti gbọ́ ọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ ni Bàbá Ọládòṣù wọlé dé. Àpápá GRA ni Bàbá ń gbé, ọ̀gá ni nílé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan kó tó fẹ̀yìn tì, kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ràn jù lẹ́yìn Ọlọ́run ni bàálù kékeré kan, oníjókòó méjì, aṣọ ni wọ́n fi bo ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti ṣe é kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé ló ti rà á nígbà èwe rẹ̀. Ó tú ìyẹ́ rẹ̀, ó fi pamọ́ sábẹ́ páànù ní ọgbà onítrélà kan ní Creek Road, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń lọ nu ún.

Wàhálà bàálù ni pé gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó sọ ibi tí wọ́n ti bí i àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Bóòtù lásán tí wọ́n fi ń de irin, bí kò bá ní ìwé, bó lè gbé òkè, ilẹ̀ ni yóò wà. Ṣáfútì kékeré tí táyà ìdí bàálù Bàbá ń yí lé lórí wá sán. Ilé iṣẹ́ tó ṣe bàálù náà ti kógbá wọlé tipẹ́. Bàbá wá a káàkiri ayé. Àwọn tó rí, tòkunbọ̀ tí kò ní ìwé ni wọ́n. Dókítà tó ń yẹ ojú àwọn awakọ̀ òfuurufú wò sì ti sọ fún un pé ọdún yẹn ni òun máa fọwọ́ sí ìwé àṣẹ rẹ̀ kẹ́yìn.

Sylvanus ló mú un wá. Mo jókòó ti Ummusalamah tó ń ta ọ́ìlì àti gírísì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ebinimi, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ti àná," ni Sylvanus wí. "Oníbàárà ńlá ni mo mú wá. Ẹ bá wa ṣe irú èyí, ẹ má lu nǹkan kan sí i. Ìwé ẹ̀rí ti wà nílẹ̀, ó ku ká fi nọ́ńbà sí irin."

Ebinimi gba ṣáfútì tó sán náà, ó yí i síbí yí i sọ́hùn-ún. "Mọ́tò wo ni?"

"Bàálù ni," Bàbá Ọládòṣù dáhùn. "Tèmi ni."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ máa jókòó sínú rẹ̀, Bàbá?"

"Èmi gan-an ni."

"Ẹ wá ń bá Sylvanus wá irọ́ tí ẹ máa fi balẹ̀."

Bàbá wo ilẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ irọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ lé òun dé ni. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Martins, ẹni tó ń yẹ bàálù náà wò, ti sọ fún òun pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: òfin gbà kí ẹni tó ni irú bàálù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀yà tirẹ̀, bó bá jẹ́ òun ló ṣe é lóòótọ́, tí irin náà sì yege nígbà tí wọ́n bá dán an wò.

"Ṣùgbọ́n èmi nìyí, n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ yìí."

"Ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́la," ni Ebinimi wí. "Ẹ ó gbálẹ̀ ná kí ẹ tó tàn án."

Sylvanus pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá GRA fẹ́ gbálẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí n wà láyé."

Ọlọ́run jẹ́ kó wà. Lọ́jọ́ kejì, dírẹ́fà Bàbá já a sílẹ̀ ní ìta títì nítorí omi tó kún ojú ọ̀nà, Bàbá sì wọ́ wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tuntun tí ìlà áyọ́ọ̀nù ṣì hàn lára rẹ̀. Ó gbá eérún irin. Ummusalamah fi ìbòrí bo ẹnu kó má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

"Ebinimi, ibo ni kí n dà á sí?" ni Bàbá bèèrè.

Ebinimi pa ẹ̀rọ. "Bàbá, bí mo bá wá sí GRA, Ebinimi ni mí. Níbí, ọmọ iṣẹ́ kì í pe ọ̀gá lórúkọ. Èmi ò ní yé fi 'ẹ' bá yín sọ̀rọ̀, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Àmọ́ ẹ ó pè mí ní Ọ̀gá."

Bàbá rò ó wò. Ẹni tó ti pàṣẹ fún kápítéènì ọkọ̀ òkun. "Ó dáa, Ọ̀gá mi. Ibo ni kí n dà á sí?"

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń fi "ẹ" ránṣẹ́ síra wọn, tí ẹni tó ń kọjá lọ kò sì mọ ẹni tó dàgbà jù.

Irin tí Bàbá bà jẹ́ ga ju èmi lọ, n kì í sì í ṣe aràrá. Ebinimi kò bá a fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn ló kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí, ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́. "Ẹ ń tì í bí ẹni ń ti trélà, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí irin wá bá yín." "Easy, Baba, e no dey pursue you." Nígbà míì Bàbá á gbaná jẹ, á ní òun kì í ṣe ọmọdé. Ebinimi á ní, "Irin ò mọ̀." Bàbá á sì padà sídìí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ kan dé tí ṣáfútì náà bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ebinimi wọ̀n ọ́n, ó wọ́ èékánná gba ara rẹ̀, kò rí àlébù kankan. Inú rẹ̀ dùn. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣe bí iṣẹ́ bá parí, ọwọ́ náà ṣe é: ó gbé pọ́ǹṣì, ó gbé òòlù, ó lù ú. Òrùka, E láàárín. Bàbá fúnra rẹ̀ kò rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Èèyàn Ajégúnlẹ̀ wo ló máa rí i?

Martins rí i. Èèyàn gígùn, tínínrín, tó máa ń na ìka nu ìjókòó kó tó jókòó. N kò gbọ́ ọ rí pé ó gba ẹ̀gúnjẹ. Ó gbé ṣáfútì náà sínú ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ni àmì yìí, sà?"

"Ọ̀gá mi ló ni ín," Bàbá wí pẹ̀lú ayọ̀.

"A jẹ́ pé ọ̀gá yín ló ṣe é. Iṣẹ́ tọ́nà tí kò ní ìwé àṣẹ bàálù nìyẹn. Kò lè fò."

"Èmi ni mo ṣe é. Ẹ bi gbogbo àdúgbò."

"Bí bàálù bá já, sà, àdúgbò kọ́ ni wọ́n máa bi. Àmì ara irin ni wọ́n máa kà. Ẹ lọ̀ ọ́ dànù, ẹ fi tiyín sí i, èmi á fọwọ́ sí i lónìí."

Bàbá ti gbé e dé ìdí gíráíńdà, gíráíńdà ti ń pariwo, kí ariwo náà tó dákẹ́ lójijì. Ebinimi ló fa wáyà yọ. Ó mú orí wáyà náà dání.

"Bàbá, ẹ gbé e sílẹ̀."

"Ọ̀gá mi, àmì lásán ni."

"Bí Sylvanus náà ṣe wí nìyẹn."

"Ọdún yìí nìkan ló kù mí. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ó ń dùn mí. Àmọ́ bí ẹ bá lọ̀ ọ́ lójú mi, òní ni mo ti ṣọ́ọ̀bù yìí. Ẹnu mi ò ní sọ nǹkan kí ọwọ́ mi má ṣe é."

Sylvanus ti débẹ̀, ta ló ránṣẹ́ pè é n kò mọ̀. Ó fi ara ti ògiri. "Mo ti sọ fún yín, Bàbá. Ká ní ẹ gba tèmi, ẹ̀yin ì bá ti wà lókè báyìí, kẹ́ ẹ máa ju ọwọ́ sí wa."

Bàbá jókòó lórí garawa ọ́ìlì, ṣáfútì lórí itan rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Wharf, gbogbo lẹ́tà tí òun bá kọ, òyìnbó kan ló máa ń fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì máa ń yin òyìnbó náà pé ó mọ̀wé kọ. Ó dìde, ó gbé ṣáfútì náà sórí tábìlì níwájú Ebinimi.

"N kò ní lọ̀ ọ́. Bí kò bá lè fò, kó jókòó."

"Èmi kò lè yí òfin padà o," ni Martins wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀.

"Ta ló ní kí ẹ yí i?" Ebinimi kọjú sí i. "Ẹ ní kó jẹ́ àmì ẹni tó ṣe é. Òfin tiyín nìyẹn. Níbí, ọmọ iṣẹ́ tí kò gba fírídọ̀ọ̀mù kò ní àmì. Tèmi nìyẹn. Kò sí èyí tó máa dọ̀bálẹ̀ fún ìkejì. Bàbá á dá nìkan ṣe òmíràn, láti orí irin tútù, ẹ̀yin náà ẹ wá jókòó kí ẹ máa wò ó. Bó bá yege, ó gba fírídọ̀ọ̀mù. Bí kò bá yege, bàálù á sùn."

Martins nu garawa tí Bàbá dìde lórí rẹ̀. "Mo gbà," ló wí.

Ọjọ́ ìdánwò Bàbá, àwọn àgbà tọ́nà Ajégúnlẹ̀ pé. Àwọn kan wá láti Olódi, àwọn kan láti Amukoko. Mo gbọ́ pé ẹnì kan wọkọ̀ òkun wá. Ebinimi kò wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ummusalamah, ó kọ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ṣẹ́jú sí Bàbá. Etí nìkan ló fi wà nínú ilé.

Ẹ̀rọ ń kùn. Ó dé ibì kan, mo rí i tí ejìká Ebinimi le. "Ó ti ń yára jù," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. Ummusalamah ní kó pariwo sọ fún un. Ebinimi mi orí, ó gé ètè jẹ. Ẹ̀rọ dúró. A gbọ́ tí irin kan bọ́ sínú garawa ìdọ̀tí: Bàbá ti mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ó ti bàjẹ́, kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó tún gbé irin tútù mìíràn lé e. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rọ ń kọrin jẹ́jẹ́, ejìká Ebinimi sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́.

Àwọn àgbà wọ̀n ọ́n. Martins fi irinṣẹ́ tirẹ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wọn, ó sì gé lára irin tó ṣẹ́ kù lọ fún àwọn tó ń dán irin wò. Nígbà tí wọ́n dá a padà pé ó le tó, wọ́n ṣe fírídọ̀ọ̀mù náà. Bàbá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ yòókù. Ebinimi sáré gbá a mú. "Ẹ má dán an wò, ẹ fẹ́ kí n kú ni." Ó kó pọ́ǹṣì lé e lọ́wọ́. Bàbá lu òrùka Akpos pẹ̀lú E Ebinimi lẹ́ẹ̀kan péré, ó wá fi Ọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ E náà.

Martins wò ó títí. "Ọ yìí yé mi. E yìí ńkọ́?"

"Ara àmì mi ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé wa nìyẹn."

"Ilé yín ní GRA?"

"Ilé mi ní Ajégúnlẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí eyín Martins nìyẹn. Ó fọwọ́ sí i. Kò pè é ní ojúlówó ilé iṣẹ́, kò sì pè é ní ayédèrú. Ohun tó kọ ni pé ẹni tó ni bàálù ló ṣe é.

Sylvanus sún mọ́ Ebinimi. "Màdáámù, àmì yín ti dé òkè báyìí. Ẹ jẹ́ kí n máa tà á bó ṣe wà, n kò ní lọ̀ ọ́ mọ́."

"Lọ kọ Germany sí i," ni Ebinimi wí, ó sì tan ẹ̀rọ rẹ̀ kó má baà gbọ́ èsì.

Wọ́n fi trélà gbé bàálù náà lọ sí pápá kékeré kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n to ìyẹ́ rẹ̀ padà, gbogbo wa sì lọ. Bàbá gbéra, ó lọ yí Àpápá ká. Àwọn ará Creek Road ní ó fò wálẹ̀ débi pé tapólì tí wọ́n fi bo ẹrù orí trélà ń ṣí, n kò sì rí ìdí tí wọ́n á fi purọ́. Nígbà tó padà dé, ó kọ́kọ́ mi ìyẹ́ sí mi, kó tó wá balẹ̀. Ìbalẹ̀ ni iṣẹ́ ṣáfútì ìdí. Táyà iwájú kanlẹ̀, ìrù rọra wálẹ̀, táyà kékeré náà kanlẹ̀, ó sì yí, ó ń yí, títí bàálù fi dúró.

Kí Bàbá tó bọ́ sílẹ̀, Ebinimi ti wà lábẹ́ ìrù, ó fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò lórí àmì. Ọkùnrin kan tó ní bàálù tirẹ̀ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Èyí dára. Ìlú wo ni wọ́n ti ṣe é?"

"Ajégúnlẹ̀," ni Ebinimi wí. "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ kà á."

Ṣáfútì àkọ́kọ́, èyí tí wọn kò lọ̀, wáyà ni Ebinimi fi so ó kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹni tó bá ní mo fi ẹnu gbẹ́ irin, kó lọ síbẹ̀ kó bèèrè lọ́wọ́ Ummusalamah onígírísì. Ó ń bẹ láàyè, ara rẹ̀ le, ẹnu ọ̀nà yẹn náà ló ṣì ń jókòó sí, ó sì jókòó ti Ebinimi lọ́jọ́ tí ó kọ̀yìn sí ẹ̀rọ tí kò wẹ̀yìn.